Fèrèsé Tí Káfíńtà Kàn Pa

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Káfíńtà ò rí i gbé mì. Ó fi búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ títí bí ẹni tó ń jẹ rọ́bà, ojú rẹ̀ wà lára ìyàwó rẹ̀ tó dúró nídìí sítóòfù, tó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ilé. Ìyá Lọ́yà kì í kọ ẹ̀yìn síni láàárọ̀. Àárọ̀ ló máa ń kọrin, àárọ̀ ló máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, àárọ̀ náà ló sì máa ń ṣépè fún ológbò aládùúgbò tó ń jí ẹja wọn. Lónìí, ṣíbí tó fi ń họ ìdí ìkòkò nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ohun tí ṣíbí ọ̀hún sì ń sọ ò dùn ún gbọ́.

"Ṣé o ò ní jẹun ni?" Káfíńtà béèrè.

"Mò ń jẹ."

"Níbo? Mi ò rí abọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ìbínú ni mò ń jẹ, Bàbá Lọ́yà. Mo sì ti yó."

Ìyá tó bí Káfíńtà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, gbójú sókè níbi tó ti ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì. Eyín rẹ̀ ti lọ tán, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ajá lọ. "Hẹn-ẹn," ló wí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Lọ́yà ni ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ńlá tó wà lẹ́bàá títì, ibi tí ilé ìwòsàn ń kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì rẹ̀ lọ. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn dákú sídìí áyọ́ọ̀nù. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í kí ní pẹ̀lẹ́: ó ń kí èèyàn, ó ń kí ewúrẹ́, bó bá sì fẹsẹ̀ kọ àga, á ní, "Àga, pẹ̀lẹ́ o." Òógùn ń ya lójú rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó ṣe, òógùn náà dá lójijì, ojú rẹ̀ gbẹ, ètè rẹ̀ funfun, ó sì rọ wálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Yàrá ìlọṣọ yẹn, ààrò ni. Páìpù omi gbígbóná gba ara ògiri kọjá, àwọn áyọ́ọ̀nù ń mí èéfín, fèrèsé mẹ́rin tó sì wà níbẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi kàn wọ́n pa. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì méjì sọnù nígbà kan, ó dájú pé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jù wọ́n síta. Nítorí aṣọ méjì, wọ́n ti afẹ́fẹ́ mọ́ta, wọ́n ti obìnrin mọ́lé. Aláìsàn á sùn sórí aṣọ funfun tó mọ́ gbòò, á ní ilé ìwòsàn yìí mà dára o. Kò ní mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ṣàìsàn kí aṣọ náà tó gún.

Ẹni tó ni ilé ìfọṣọ náà, Alága ni wọ́n ń pè é, torí òun ni alága ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tí gbogbo wọn ń lọ. Bí wọ́n ṣe gbé Pẹ̀lẹ́ jáde tán ló pe Ìyá Lọ́yà sí ọ́fíìsì. Ó ní kó sọ fún àwọn yòókù pé ilé ni obìnrin yẹn ti gbé àìsàn rẹ̀ bọ̀. Ó ní kó mú ẹlòmíràn wá síbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sán òní tó pọ́n.

"Kí lo máa wá sọ fún wọn?" Káfíńtà tún béèrè.

Ìyá Lọ́yà yíjú padà. "Kí lẹ rò pé kí n sọ? Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ́ olùkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ti ń dùn ún. Lóòótọ́, olùkọ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú gbogbo, òun ló máa ń ran Fádà lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni nípa bó ṣe yẹ kí ọmọ aráyé máa bá ara wọn gbé: iyì tí Ọlọ́run fún èèyàn, iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, ohun ayé tó jẹ́ ti gbogbo wa, tálákà tó yẹ kí a kọ́kọ́ rò kí a tó ro ara wa. Ẹnu Káfíńtà dùn. Bó bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà á máa mi orí, obìnrin míì á máa fi etí ìró nu ojú. Ọjọ́rú sì ni òní.

Lọ́yà fúnra rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ń de okùn bàtà ilé ìwé. Ọmọ wọn obìnrin ni. Ẹjọ́ ló ń rò láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé èèyàn la dá iṣẹ́ fún, a ò dá èèyàn fún iṣẹ́?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá kan àwọn fèrèsé yẹn?"

Omi inú kẹ́tùlù ń hó. Ìyá Lọ́yà mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Lọ síléèwé," Káfíńtà wí.

"Mo kàn béèrè ni."

"Mo ní kó o máa lọ síléèwé!"

Lọ́yà mú báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì yé e. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà.

"Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi," Káfíńtà wí fún abọ́ ẹ̀wà tó wà níwájú rẹ̀. "Káfíńtà ni mí. Wọ́n ní kí n kàn án, mo kàn án. Bí mi ò bá kàn án, ẹlòmíràn á kàn án."

"Ohun tí Alága wí lánàá gan-an nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ó ní bí kì í bá ṣe Pẹ̀lẹ́, ẹlòmíràn ni."

"Bí wọ́n bá lé ọ ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ la máa jẹ nílé yìí?"

"Àwa tí a ò rí i mí, ṣé ẹ rò pé a ò ní fẹ́ tọ́ ọ wò ni?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, tíì gbà á lọ́nà ọ̀fun, ó wúkọ́ títí tí wọ́n fi ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, "Jósẹ́fù Mímọ́ náà ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ka gbogbo ìtàn rẹ̀ fún wa. Mi ò gbọ́ ọ níbì kankan pé ó kan fèrèsé pa mọ́ obìnrin."

Ni ohùn kan bá ta láti orí ògiri àárín ilé wọn àti ilé kejì. Aládùúgbò wọn ni, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rédíò, tí kì í kú, tí kì í sì í sinmi.

"Ìyá Lọ́yà! Ẹ kú àárọ̀ o! Mo gbọ́ pé èèyàn mẹ́ta kú níbi iṣẹ́ yín!"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Rédíò. Ẹnì kan ló dákú."

"Ọlọ́run ṣeun! Mo sọ fún wọn pé mẹ́ta ti pọ̀ jù. Wọ́n ní oyún ni."

"Kì í ṣe oyún. Ooru ni."

"Ooru?" Ó na ọrùn kọjá ògiri. "Ṣé ẹ ò ní fèrèsé níbẹ̀ ni?"

Ìyá Àgbà ń wo inú ife tíì rẹ̀. Káfíńtà dìde, ó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ìyá Lọ́yà ya ilé ìwòsàn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó bá Pẹ̀lẹ́ lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ti ń padà sí bó ṣe wà, omi ń kán wọ inú iṣan ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ wí, àfi bí ẹni pé Ìyá Lọ́yà ló dùbúlẹ̀. "Mo mọ̀ pé mo ti kó yín sí wàhálà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ wàhálà? Ṣé o ti jẹun?"

"Wọ́n fún mi ní tíì. Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n fi síbi iṣẹ́ mi?"

Ìyá Lọ́yà wo ilẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ ń fi ọwọ́ pa etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tó sùn lé. Nígbà tó yá, ó fa aṣọ náà sún mọ́ ojú. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Etí èyí ò gún. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi ni mo lọ̀ ọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni."

Ìyá Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì mọ ìgbà tí ẹkún tún padà di ẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì kan wò wọ́n, ó sì kọjá lọ. Nígbà tó dìde, ó ká etí aṣọ náà sábẹ́ ibùsùn fún un dáadáa, títí tó fi gún, ó sì ní, "Ààyè rẹ ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwọ." Kò mọ bóun ṣe máa ṣe é. Ó kàn sọ ọ́ ni, nígbà tó sì ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn obìnrin ti pé sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ nígbà tó dé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró síwájú wọn.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ilé ni Pẹ̀lẹ́ ti gbé àìsàn bọ̀," ó wí. "Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo fojú mi rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá. Inú yàrá yìí ló ti ṣàìsàn, ooru yìí ló sì ṣe é. Wọ́n tún ní kí n mú ẹlòmíràn wá síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ní mú un wá."

Àgbà jù lọ nínú wọn, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Arúgbó, tó ti ń lọ aṣọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi èédú sínú áyọ́ọ̀nù, wá korobá kan. Ó da ojú rẹ̀ dé, ó sì jókòó lé e nínú ibòji.

"Ẹsẹ̀ ń ro mí," ó wí. "Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, ẹ pè mí."

Ẹlòmíràn wá jókòó tì í, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ń bà wọ́n níbẹ̀rẹ̀, wọ́n jókòó gán-ín bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de pàṣán. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn fẹ́. Ẹnì kan mú ẹ̀pà jáde nínú báàgì, ẹnì kan mú búrẹ́dì. Obìnrin kan wo òkè, ó ní, "Ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sórí òrùlé wa! Láti ọjọ́ wo?" Gbogbo wọn gbójú sókè wo ẹyẹ náà bí ẹni pé ọba ló ń kọjá. Nígbà tí ẹnì kan sọ pé ẹyẹ yẹn gan-an gbọ́n, kò jẹ́ kọ́lé rẹ̀ sínú yàrá wọn, ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Ìyá Arúgbó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí korobá.

Ẹ̀rín náà ni Alága bá. Ọkùnrin sísanra, onísùúrù nínú ìjọ, tí kì í jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ rún.

"Kí lèyí? Ọdún ni?" ó béèrè. "Ilé ìwòsàn ti ń pè mí láti àárọ̀. Aṣọ dà?"

"Aṣọ ti gbẹ, sà. Ó ń dúró de lílọ̀," Ìyá Lọ́yà wí.

"Kí ló wá dé tí ẹ jókòó síta?"

"A ò lè wọ inú yàrá yẹn mọ́ bó ṣe wà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí àwọn fèrèsé."

Alága sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, bó ṣe máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ nípàdé ìgbìmọ̀. "Ìyá Lọ́yà, ẹni tó ń bọ́ni la kì í gbógun tì. Mo lè rí ẹlòmíràn tó máa ṣiṣẹ́ yìí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

"Ẹ lè rí wọn, sà. Ṣùgbọ́n àwọn náà á fẹ́ máa mí."

Ẹ̀rín kékeré kan sá jáde lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn. Alága ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ̀ ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú. Ooru kí ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti lọ aṣọ rí. Ọwọ́ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú yín."

"A gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà," ni Ìyá Lọ́yà wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi lọ ìdì aṣọ kan péré. Bí ẹ bá jáde tí ẹ ní kò gbóná, gbogbo wa á wọlé, a ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Alága wo ojú wọn yíká. Ẹni tó bá ti fọ́nnu, ó ti fún ẹlòmíràn lókùn tó máa fi dè é. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fà á lé Ìyá Arúgbó lọ́wọ́, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì wọlé. Ìyá Lọ́yà tẹ̀ lé e.

"Ẹ jẹ́ kí n pa ilẹ̀kùn dé, sà," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ní eruku ò gbọ́dọ̀ wọlé."

Ní gbogbo àkókò yìí, Káfíńtà wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fá ilẹ̀kùn kan tí oníbàárà ń retí. Ó ń fá ibi kan náà. Nígbà tó wolẹ̀, ó ti fá a gba inú kọjá, ilẹ̀kùn ti bàjẹ́. Ó jókòó sórí pákó. Ó rántí pé lálẹ́ òní Fádà ní kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ àti ìsinmi, ó sì ti ní ọ̀rọ̀ dídùn kan nílẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ sókè fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

Bó ṣe dìde nìyẹn. Ó mú òòlù tí wọ́n fi ń fa ìṣó yọ, ó gbé àkàbà lé èjìká, ó jáde. Ìyá rẹ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó kàn sún ìjókòó rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún un.

Nígbà tó dé ilé ìfọṣọ, ó kí àwọn obìnrin tó jókòó sínú ibòji, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó. Ó ti kàn wọ́n dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìṣó kọ̀ọ̀kan ń ké bí ó ti ń jáde, ó sì ń fi wọ́n sẹ́nu ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àwọn oníṣẹ́ igi ti máa ń ṣe.

Nínú ilé, Alága bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó gbé áyọ́ọ̀nù bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé, ó ń ṣàlàyé fún Ìyá Lọ́yà bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ nígbà tiwọn. Nígbà tó ṣe, àlàyé náà kúrú. Nígbà tó tún ṣe, ó di "ẹ̀n," ó di "hùn." Òógùn kán láti imú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ó nu ún. Òmíràn kán. Ìyá Lọ́yà ń lọ tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ lódì kejì tábìlì, kò wò ó.

"Ẹ ṣí fèrèsé," Alága wí.

"Wọ́n kàn án pa, sà."

"Mo ní kí ẹ ṣí fèrèsé!" Ó ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ti dé ara ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá fèrèsé. "Ta ló..."

Fèrèsé ṣí.

Bí ó ti ṣí, orí Alága bá a jáde, ó sì ko Káfíńtà lójú, imú sí imú. Káfíńtà wà lórí àkàbà, ẹnu rẹ̀ kún fún ìṣó, kò lè sọ̀rọ̀. Alága kàn ya ẹnu, ó ń mu atẹ́gùn bí ẹni tó ń mu omi, ó dijú, òógùn ń ṣàn sí i lọ́rùn. Orí rẹ̀ yọ jáde lójú ògiri bí orí ahun. Àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n pa ẹ̀rín mọ́ra, wọ́n pa á mọ́ra, ó já.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Alága fẹ́ le ojú koko, ṣùgbọ́n ta ló lè le ojú koko láti inú fèrèsé? Ètè rẹ̀ gbọ̀n, ikùn rẹ̀ mì, òun náà bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Arúgbó bu omi, ó nawọ́ ife sókè sí i. "Ẹ gbà, ẹ mu ún," ó wí. "Pẹ̀lẹ́."

Bí orúkọ yẹn ti jáde, ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo Alága, Alága ń wo inú ife omi. Ó mu ún tán. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí?" ó béèrè. "Ṣé ó ti jẹun?"

"Wọ́n fún un ní tíì," ni Ìyá Lọ́yà wí lẹ́yìn rẹ̀.

Káfíńtà tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Alága, ẹ̀yin lẹ ní ká kàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kàn án. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo wá..."

"Bàbá Lọ́yà," ìyàwó rẹ̀ gé e kúrú láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe máa ń rí láàárọ̀, "fèrèsé mẹ́ta ló kù. Ẹ kọ́kọ́ yọ wọ́n ná. Ẹ máa wá tọrọ àforíjì nígbà tí atẹ́gùn bá wà."

"Bí aṣọ bá tún sọnù ńkọ́?" Alága béèrè, ṣùgbọ́n kò yọ orí rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé.

"Màá na nẹ́ẹ̀tì onírin sí i, sà. Atẹ́gùn á wọlé, aṣọ ò ní jáde."

Bó ṣe rí nìyẹn. Alága ò sọ pé òun jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n mẹ́nu kan ìsinmi ọ̀sán, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ti òní ná. Ìyá Arúgbó ní kò burú, òní náà ló bí ọ̀la. Ṣùgbọ́n kí Alága tó wọ mọ́tò, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Lọ́yà, ó ní kó má wá ẹnikẹ́ni sí ààyè Pẹ̀lẹ́, owó ìwòsàn rẹ̀ sì wà lọ́rùn òun. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí kalẹ̀. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n ń kọrin, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí tábìlì débi pé wọ́n ní láti máa di etí rẹ̀ mú. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tó dùn tó kí aṣọ máa fẹ́ sá mọ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n fi máa délé, Rédíò ti wà lórí ògiri.

"Ìyá Lọ́yà! Wọ́n ní Alága bẹ́ láti ojú fèrèsé!"

"Orí rẹ̀ nìkan ló jáde."

"Orí nìkan? Ara rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa ronú sí i.

Káfíńtà jẹ ìrẹsì, ó tún bu, ó tún jẹ. Lọ́yà jókòó tì í, kò rojọ́ kankan, ó kàn ń fi ẹran inú abọ́ tirẹ̀ sínú abọ́ bàbá rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá Àgbà rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, wọ́n jọ lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Fádà, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ sálúbàtà, ti ń to àga. Ẹ̀kọ́ òní, ó ní, ìsinmi ni: pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì sinmi, ẹni tó bá sì gba ìsinmi lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní kí Káfíńtà bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà mi orí. "Lónìí, Fádà, ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n gbọ́."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí àwọn obìnrin yàrá ìlọṣọ ń wọlé. Wọn kì í wá tẹ́lẹ̀. Wọn kì í tètè ṣíwọ́ iṣẹ́. Lónìí, gbogbo wọn ló wá, Ìyá Arúgbó ló ṣáájú. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n bá rí, wọ́n gba iwájú, wọ́n gba ẹ̀yìn, wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Alága pẹ́ kó tó dé, ó ti lọ wo aláìsàn. Ó wo ìjókòó rẹ̀ níwájú, obìnrin mẹ́ta ti fún ara wọn mọ́ ọn. Ó wá àyè sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Arúgbó, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ tí kò rún.

Fádà bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí orí kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níwájú. Orí kejì tẹ̀ lé e. Ẹnì kan hanrun lápá ọ̀tún, ẹnì kan dá a lóhùn lápá òsì. Lọ́yà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fún un lápá, ṣùgbọ́n ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. Fádà dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wo gbogbo wọn. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí ọmọ tuntun ń sùn, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ wúyẹ́wúyẹ́.

Lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, orí Ìyá Arúgbó rọra yẹ̀. Ó yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì bà lé èjìká Alága, lórí aṣọ funfun náà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ na ọwọ́, ó fẹ́ jí i. Alága fi ojú sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó gán-ín, kò wúkọ́, kò mira, títí Fádà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.